Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Jẹ́jẹ́ Lé Òṣùwọ̀n

Ohun gbogbo tí ń bẹ lábẹ́ ọ̀run ni ó ní ètò tirẹ̀. Odò a máa ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, èéfín a máa gòkè, àgbà a máa sọ̀rọ̀ kí ọmọdé tó dá sí i, ìwé ìjọba a sì máa pẹ́ kí ó tó dé. Ẹlẹ́dàá dá ènìyàn ní oríṣiríṣi. Ó dá ẹni tí òye rẹ̀ ń sáré bí ẹṣin, ó dá ẹni tí òye rẹ̀ ń rìn bí ìgbín, a kò sì gbọ́ níbì kankan pé ó ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni padà ní ọdọọdún láti wá ṣàlàyé ìdí tí ó fi rí bí ó ti rí. Ìjọba ni ó fi èyí kún un. Nígbà tí Ẹlẹ́dàá ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó sì sinmi, ìjọba jókòó, ó dá fọ́ọ̀mù. Nígbà tí ó sì dá fọ́ọ̀mù náà tán, ó wò ó, ó rí i pé àyè tí a ó kọ nǹkan sí pọ̀ jù, ó sì dín in kù. Láti ọjọ́ náà ni ènìyàn kò ti jẹ́ ohun tí ó jẹ́ mọ́, àfi bí òǹtẹ̀ bá wà lórí rẹ̀.

Lábẹ́ ètò yìí ni obìnrin opó kan ń gbé, ní ilé ìsàlẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òpópónà. Iṣẹ́ aránṣọ ni ó ń ṣe, nítorí náà gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Ìyá Aránṣọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Ojú rẹ̀ ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ náà lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Àwọn dókítà ní orúkọ gígùn kan fún bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ni àwọn ará ilé ń pè é, nítorí pé bí ó ṣe ń rìn nìyẹn, bí ó ṣe ń jẹun nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì máa ń wí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kánjú. Kò sí ẹ̀gún lára ìwà rẹ̀. Bí ẹ bá bú u, yóò rò pé ẹ ń kí òun ni, yóò sì jẹ́ yín lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Jẹ́jẹ́ fi jókòó sí ojú fèrèsé yẹn. Ìyá rẹ̀ a máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ, òun a máa wo òpópónà. Ní ọdún kìíní ó ń sọ ohun tí ó rí: ajá, kẹ̀kẹ́, obìnrin tí ó gbé agboòrùn. Ní ọdún kẹta ó ń sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí yóò fi di ọdún karùn-ún, kò sọ nǹkan kan mọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, yóò kàn mi orí. Ẹ̀yìn èyí ni orúkọ rẹ̀ tó kàn nínú ìwé àwọn tí ń dúró, wọ́n sì fún un ní àyè ní Ilé Ọ̀sán.

Ilé Ọ̀sán ni ibi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn bíi tirẹ̀. Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ọkọ̀ funfun kan a wá gbé wọn; ní agogo mẹ́rin, a gbé wọn padà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ Jẹ́jẹ́ láti di bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó gbà. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń po tíì, níbẹ̀ sì ni ó ti tún rí ẹnu sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀: bí ẹnì kan bá ti ṣe ohun kan ní àṣeyọrí, gbogbo ilé a pàtẹ́wọ́ fún un, òun náà a sì gbé iṣẹ́ náà síwájú ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn jù, a ní, “Ó kàn yín.” Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ kọ̀, títí kan alásè àti awakọ̀. Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ di bọ́tìnnì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyá Aránṣọ sunkún títí òwú fi já lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ìwé dé.

“Inú wa dùn láti fi tó yín létí,” ni ìwé náà wí, gbogbo àgbàlagbà ni ó sì mọ̀ pé bí ìjọba bá ti fi inú dídùn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí onílé yáa wá nǹkan dì mú. Ó ní ìjọba ti ṣe Òṣùwọ̀n tuntun, ogún máàkì. Kí ìyá mú ọmọ rẹ̀ wá ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án, kí a lè mọ̀ bóyá ipò rẹ̀ ṣì rí bí ó ti rí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba máàkì méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti gba òmìnira. Kò nílò Ilé Ọ̀sán mọ́, a ó sì fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Wọ́n ya àwòrán ẹyẹ kan sí ìsàlẹ̀ ìwé náà tí ó ń fò jáde nínú àgò. Inú ẹyẹ náà dùn gan-an.

Bàbá kan ń gbé ní òkè ilé wọn, ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Awakọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó ka ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, tí ó sì yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Ìyá Aránṣọ, ṣé ẹ gbọ́ nípa ọmọbìnrin oníbàtà tí ó wà ní ìparí òpópónà? Mẹ́rìnlá ló gbà lóṣù tó kọjá.”

“Wọ́n yọ ọ́?”

“Yíyọ kẹ̀? Wọ́n ní ó ti gba òmìnira. Inú yàrá ni òmìnira náà wà báyìí, òun àti ògiri ni wọ́n jọ ń wo ara wọn.”

Ìyá Aránṣọ bojú wo fèrèsé. Àga tí Jẹ́jẹ́ jókòó lé fún ọdún mẹ́sàn-án ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ àwọn oníbàárà ni ó ń kó lé e. “Kò ní padà sórí àga yìí,” ni ó wí. “Lójú mi kọ́.”

“Nígbà náà, ẹ yáa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi.”

“Ẹ̀yin bàbá yìí, ọmọ tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní bọ́tìnnì, ẹ ní kí n fi ọjọ́ mẹ́sàn-án kọ́ ọ kí ó gbàgbé?”

“Èmi ò dá Òṣùwọ̀n sílẹ̀ o. Bọ́ọ̀sì ni mo wà.”

Bí ó ti rí nìyí tí obìnrin kan tí ó ti fi ọdún púpọ̀ gbàdúrà pé kí ọmọ òun lè mọ nǹkan ṣe fi jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan láti kọ́ ọ ní àìmọ̀ọ́ṣe.

“Ọkọ mi, wá jókòó. Bí obìnrin kan bá ní kí o di bọ́tìnnì, kí ni wàá ṣe?”

“Màá dì í.”

“Rárá o. Wàá máa wò ó ṣáá ni. Wàá ní o ò mọ̀ ọ́n.”

Jẹ́jẹ́ wo ìyá rẹ̀ títí. “Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, Màámi.”

“Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ̀yin náà pàtẹ́wọ́.”

“Mo pàtẹ́wọ́, baba mi. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú nìkan ni a ò ní pàtẹ́wọ́.” Ó na ẹ̀wù kan sí i. “Ó yá, di bọ́tìnnì yìí.”

Jẹ́jẹ́ dì í. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó gbé e síwájú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. “Ó kàn yín.”

Ní ìgbà kejìlá, Ìyá Aránṣọ gba ẹ̀wù náà, ó sì fi bo ojú ara rẹ̀. Bàbá Awakọ̀, tí ó ti ń yọjú láti orí àtẹ̀gùn, wúkọ́. “Ìyá Aránṣọ, ọmọ yín kò yẹ fún iṣẹ́ ìjọba. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.”

Ọjọ́rú pé. Ọ́fíìsì náà jẹ́ ilé alájà méjì, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tí kò ní orúkọ. Ìyá àti ọmọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti agogo mẹ́sàn-án títí di agogo mọ́kànlá kọjá, nítorí pé ìjọba a máa dá àsìkò fún ènìyàn, kì í dá fún ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè wọ́n, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni wọ́n bá nínú yàrá náà, ó wọ gíláàsì, ó mọ́ tónítóní, ó sì to ìka ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì bí ṣíbí. Olùdíwọ̀n ni oyè rẹ̀. Kò ní ìkà nínú. Òfin ni ó ní nínú, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí àwọn ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Ìwé ńlá oníkábọ́ọ̀nù kan wà níwájú rẹ̀, ojú ewé mẹ́ta-mẹ́ta: funfun fún fáìlì, àwọ̀ ewé fún ẹbí, pupa fún olú iléeṣẹ́. Wọ́n ti tẹ nọ́ńbà sára ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ya ọ̀kan dànù. Èyí tí ó pupa, inú àpótí onírin kan lára ògiri ni ó ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn, ní ọ̀sán gangan sì ni ọkọ̀ olú iléeṣẹ́ ń wá kó o.

Wọ́n gbé pátákó tí wọ́n kan ẹ̀wù mọ́ síwájú Jẹ́jẹ́. Ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí pé rárá. Jẹ́jẹ́ ká ọwọ́ sórí itan, ó sì wo bọ́tìnnì náà bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo búrẹ́dì. Ó pẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́rin.

“Ẹ gbìyànjú, sà,” ni Olùdíwọ̀n wí jẹ́jẹ́.

Kò sí ẹni tí ó tíì pe Jẹ́jẹ́ ní ‘sà’ rí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ó nà dúró, ó di bọ́tìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì tún ọrùn ẹ̀wù náà ṣe. Olùdíwọ̀n kọ márùn-ún. Ìyá Aránṣọ pa ojú dé.

Ó po tíì: márùn-ún. Wọ́n bi í pé kí ni yóò ṣe bí iná bá mú ilé. Ó ní, “Màá pe Màámi.” Wọ́n bi í pé kí ni yóò ṣe bí Màámi kò bá sí nílé. Ó ronú, ó ní, “Màá dúró dè wọ́n.” Ọ̀kan péré ni wọ́n fún un níbẹ̀, inú ìyá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn.

Ìdánwò tí ó kẹ́yìn ni pé kí ó dá lọ sí Yàrá Kẹrìnlá, kí ó gba òǹtẹ̀ sórí ìwé kékeré kan, kí ó sì padà. Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ní ọdún tí ó kọjá ni wọ́n ti yí nọ́ńbà gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà padà, tí wọn kò sì yí ìwé ìdánwò padà. Yàrá Kẹrìnlá ti di Yàrá Kẹsàn-án ní òkè. Ibi tí nọ́ńbà mẹ́rìnlá wà nísinsìnyí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a tì pa ni. Ọkàn Ìyá Aránṣọ balẹ̀, nítorí pé ó ti gbọ́ èyí lẹ́nu ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kò mọ nọ́ńbà kà, nítorí náà nọ́ńbà kò lè ṣì í lọ́nà. Ó bá obìnrin agbálẹ̀ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́, ó bá a gbé báàkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gòkè, ó sì fi ìwé náà hàn án. Obìnrin náà mú un lọ, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn méjèèjì fi padà dé ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú òǹtẹ̀ tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Olùdíwọ̀n dìde. “Láti ọjọ́ Ajé, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó mú òǹtẹ̀ dé. Àwọn méjì wà tí a ṣì ń wá.”

“Ọmọ mi,” ni Ìyá Aránṣọ wí, “ṣebí agbálẹ̀ ló mú un lọ? Kò dá mọ̀ ọ́n.”

“Màmá, ẹni tó bá mọ ẹni tí yóò bi léèrè, ó mọ̀nà nìyẹn. Márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ẹ kú oríire!” Ó ya ewé aláwọ̀ ewé fún un, ó sì ti èyí tí ó pupa sínú àpótí ògiri. “Òmìnira rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù.”

“Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ ní nǹkan. Nígbà tí ó wá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ni ẹ fẹ́ gba ibi tí ó ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá wo aláìsàn sàn, ṣé wọ́n máa ń tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ni?”

“Màmá, ọ̀rọ̀ yín nítumọ̀,” ni Olùdíwọ̀n wí, “ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù.”

Òfin gbà pé kí ẹbí pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, Ìyá Aránṣọ sì pè é. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó tẹ̀lé e, Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti òkè láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Òrùlé gbọ̀ngàn wọn ń jò, nítorí náà inú yàrá ìdánwò ni wọ́n jókòó sí, láàárín kẹ́tùlù àti pátákó bọ́tìnnì. Ọ̀gá Àgbà jẹ́ ènìyàn tí ó kún àga. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ó ti wà ní ipò náà, òun ni ó sì fi ọwọ́ sí Òṣùwọ̀n, ìpín àti òfin kọ̀ọ̀kan tí ń bẹ nínú rẹ̀.

“Màmá, a gbọ́ pé ẹ ní ọmọ yín kò yẹ fún òmìnira.”

Ìyá Aránṣọ ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ilé. Ó dìde. “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ má jẹ́ kí ojú tàn yín jẹ. Ọmọ yìí kò mọ nǹkan kan. Igi ni mo bí. Ibi tí mo bá gbé e sí, ibẹ̀ ni màá bá a. Ohun tí ẹ rí lọ́jọ́ yẹn, ó ṣèèṣì ni.”

“Kò wúlò fún ohunkóhun?”

Ó mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òsì òun. Kò wo ọ̀hún. “Kò wúlò,” ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí a bá fa eyín tí kò mì.



“Màámi,” ni Jẹ́jẹ́ wí, “mo wúlò.”

Kò bínú. Ó kàn ń tún àṣìṣe ṣe ni. Ó dìde, ó lọ sídìí tábìlì ìdánwò, ó bu omi sínú kẹ́tùlù, ó tan iná rẹ̀, ó sì dúró tì í pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó da omi gbígbóná sórí ewé tíì, ó fi ṣúgà sí i, ó rò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò kán sílẹ̀. Ó gbé ife kan fún Olùdíwọ̀n, ó gbé ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, ó gbé ọ̀kan fún Ọ̀gá Àgbà, ó da omi tí ó kù nínú kẹ́tùlù nù, ó sì gbé tíréè náà síwájú ọ̀gá náà.

“Ó kàn yín, bàbá.”

“Kí ló kàn mí?”

“Àṣà Ilé Ọ̀sán ni, sà,” ni Olùdíwọ̀n wí. “Ẹni tí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀ yóò ṣe é.”

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i pé òun kì í gbéraga. “Tíì? Kí ló le nínú tíì?” Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mẹ́sẹ́ńjà ti ń gbé tíì wá bá a lórí tábìlì, ṣáájú èyí ìyàwó rẹ̀, ṣáájú ìyàwó rẹ̀ ìyá rẹ̀. Ó tan kẹ́tùlù tí kò sí omi nínú rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa òmìnira títí òórùn fi bẹ̀rẹ̀.

“Jẹ́jẹ́, bàbá, jẹ́jẹ́,” ni Jẹ́jẹ́ wí. “Omi ni àkọ́kọ́.”

Ọ̀gá náà na ọwọ́ mú ìdí kẹ́tùlù. Ó ké, ó jù ú sílẹ̀, ó fi ìka sẹ́nu. Jẹ́jẹ́ káàánú rẹ̀, ó fa pátákó bọ́tìnnì wá, nítorí pé ní Ilé Ọ̀sán, bí nǹkan kan bá le fún ènìyàn, èyí tí ó rọrùn ni wọ́n ń gbé fún un. Inú ti ń bí Ọ̀gá Àgbà, ó fẹ́ fi hàn pé òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbé ohun tí ó rọrùn fún. Ó fi bọ́tìnnì kìíní sí ihò kejì. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ihò ti tán, bọ́tìnnì ṣì kù, kò sì mọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

“Ó sàn ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ mi lọ,” ni Jẹ́jẹ́ wí, ó sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gá Àgbà jáde pẹ̀lú ìbínú láti lọ fi omi tútù sí ìka rẹ̀. Òkè ni ó máa ń gbé, láti inú ọkọ̀ rẹ̀ ni ó sì ti ń gba àtẹ̀gùn tirẹ̀ gòkè. Kò mọ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, agbálẹ̀ ni ó fà á lọ́wọ́ padà wá, láti ẹnu ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ mẹ́rìnlá sí, níbi tí ó ti ń gbá a bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Nígbà tí ó wọlé, Olùdíwọ̀n ń ti ìwé pupa kan sínú àpótí ògiri.

“Kí nìyẹn?”

“Máàkì yín ni, sà.”

“Máàkì ta ni?”

“Òfin kẹtàdínlógún, sà: ẹnikẹ́ni tí ó bá fọwọ́ kan ohun ìdánwò nínú yàrá ìdánwò, a gbọ́dọ̀ gba máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́.” Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. “Tíì, ọ̀kan, nítorí pé ẹ dá ife mọ̀. Bọ́tìnnì, méjì. Ìbéèrè, ẹ kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Yàrá Kẹrìnlá, òdo. Mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.”

“Ya á!”

“A kì í ya á, sà. Òfin kẹrin.”

“Ṣí àpótí yìí!”

“Kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ wa, sà. Òfin kẹfà.”

Aago ògiri lu méjìlá. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ olú iléeṣẹ́ dúró ní ìta. Ìyá Aránṣọ, tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí ìwé dé, gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́nu kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá,” ni ó wí. “Ṣé ẹ ti gbìyànjú ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?”

Bí wọ́n ṣe ń rìn padà sílé, inú rẹ̀ kò dùn tó bí ẹnu rẹ̀ ṣe dùn. Ẹjọ́ kò tíì parí, oṣù sì ń lọ. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n fẹ́ sọdá títì.

“Baba mi, mo ní o ò wúlò. Irọ́ ni mo pa.”

“Irọ́ ò dáa, Màámi.”

“Kò dáa. Ṣé kí n má ṣe é mọ́?”

Jẹ́jẹ́ ronú sí i títí wọ́n fi sọdá tán. “Ẹ má ṣe é mọ́,” ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Ní olú iléeṣẹ́, wọn kì í ka orúkọ. Máàkì ni wọ́n ń kà. Ẹni tí ó gba mẹ́ta nínú ogún ni wọ́n kọ sí ìpín Àìgbọdọ̀máṣe, ìpín tí kì í dúró nínú ìlà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ funfun gbé Jẹ́jẹ́ bí ó ti máa ń gbé e, lẹ́yìn náà ó yà sí òpópónà àwọn olówó, ó dúró níwájú ilé Ọ̀gá Àgbà, ó sì fun fèrè. Obìnrin tí ń bójú tó ọkọ̀ náà ni ó sọ ọ́ fún Ìyá Aránṣọ ní agogo mẹ́rin, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìhà rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín.

“Mo ní, ‘Bàbá, orúkọ yín wà nínú ìwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wọlé.’ Ó ní ṣé mo mọ ẹni tí òun jẹ́. Mo ní gbogbo wọn ló máa ń bi mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ yìí ti gbá àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ fún un!”

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọkọ̀ náà fi dúró níbẹ̀ ní àràárọ̀, nítorí pé orúkọ tí ó bá ti wọ ìwé, awakọ̀ kò ní agbára láti yọ ọ́. Ọ̀gá Àgbà wá gbogbo ọ̀nà. Wọ́n ní a kò lè pa máàkì ẹnì kan ṣoṣo rẹ́. Òun ni ó ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ìyá má baà máa wá bẹ̀bẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá lè ṣe ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé pé Òṣùwọ̀n náà kò pé, kí ó sì fagi lé gbogbo máàkì tí wọ́n ti fi wọ̀n láti ọjọ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, kí fèrè tó dún, ó kọ ọ́.

Ìwé kejì dé ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ ní ọjọ́ mẹ́ta sí ìparí oṣù. Inú wọn tún dùn láti fi tó o létí. Máàkì Jẹ́jẹ́ ti di òfo. Ìgbìmọ̀ kan yóò ṣe Òṣùwọ̀n mìíràn. Títí tí ìgbìmọ̀ náà yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀, kí olúkúlùkù wà níbi tí ó wà. Bàbá Awakọ̀ kà á tán, ó bi í bóyá ó mọ ohun tí ìgbìmọ̀ jẹ́. Ìyá Aránṣọ ní òun mọ̀ ọ́n, pé láti ọjọ́ náà lọ, òun yóò máa gbàdúrà kí ẹ̀mí ìgbìmọ̀ náà gùn.

Ọdún mẹ́fà ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbìmọ̀ náà ti jókòó ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Wọ́n ti yan alága, wọ́n ti yan igbákejì, wọ́n sì ń jiyàn lórí irú tábìlì tí ó yẹ. Ọ̀gá Àgbà fẹ̀yìn tì ní ọdún kejì. Wọ́n gbé Olùdíwọ̀n lọ sí iléeṣẹ́ tí ń wọn òjò, a sì gbọ́ pé iṣẹ́ náà bá a lára mu. Ọmọbìnrin oníbàtà padà sí Ilé Ọ̀sán pẹ̀lú àwọn mìíràn tí wọ́n ti fún ní òmìnira. Bàbá Awakọ̀ kú ní ọdún tó kọjá. Ọwọ́ Ìyá Aránṣọ ń gbọ̀n, kò ránṣọ mọ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti kó wá bá wọn gbé, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò dúró ti Jẹ́jẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kò bá sí mọ́. Jẹ́jẹ́ ṣì ń lọ sí Ilé Ọ̀sán láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Òun ni ó ń kọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní bọ́tìnnì.